Ṣé Mángòrò Kò Ní Í So Mọ́ Ni?

Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa ló bi mí ní ìbéèrè náà. Ó wá dá ajọ̀ tó yá lọ́wọ́ mi padà, ó sì bá mi nídìí iná gáàsì, orógùn lọ́wọ́ mi, ìkòkò ńlá níwájú mi, tí òórùn mángòrò àti ọsàn wẹ́wẹ́ ti gba gbogbo ilé kan. "O kú ìdáná o," ló wí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí ni mò ń sè. Mo ní jáàmù ni, mà. Pé bí mo bá se mángòrò yìí pọ̀ mọ́ ṣúgà, tí mo rọ ọ́ sínú ìgò, tí mo sì dé e pa, oṣù púpọ̀ ni yóò fi wà láìbàjẹ́. Ó wo ìkòkò, ó wo àwọn ìgò tí mo tò sórí tábìlì, ó wá ní: "Ọmọ mi, ṣé mángòrò ò ní í so mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo wá ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, n kò rí i. Ó súre fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò bá a lọ.

Mo lè sọ pé kí ó má baà ṣòfò ni mo ṣe ń sè é. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ìyá bi mí nìyẹn. Ohun tó bi mí ni pé, kí ló dé tí mo ń ṣe bí ẹni tí kò ní í rí mángòrò mọ́? Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Bí ènìyàn bá gbà pé ilẹ̀ kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, pé igi tó so lónìí yóò so lẹ́ẹ̀mìíràn, kí ló ń di ẹrù èso sí?

Bí mo bá rántí ilé ìyá tó bí ìyá mi, n kò rántí èso kan tí wọ́n fi pamọ́ níbẹ̀. Agbálùmọ̀ a máa bá ọyẹ́ dé. Àwa ọmọdé a mu ún títí ètè wa yóò fi máa lẹ̀ mọ́ra. Bí ọyẹ́ bá ń palẹ̀ mọ́, tí àkọ́rọ̀ òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, mángòrò a gba ipò. Bí òjò bá wọlé tán, ìyeyè a máa já bọ́ sí ojú ọ̀nà oko. Ọsàn a sì dé nígbà tí ọdún bá ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lọ sópin. Èyí tó bá lọ, a kì í sunkún rẹ̀. Dídúró dè é wà lára adùn rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi àgbà bá mu àkọ́so agbálùmọ̀, wọn a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọn a ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún rí ti ẹ̀ẹ̀mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ọdún kan ti yí po.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yìí kan náà ló ń rẹ́ ilá sórí ẹní kí oòrùn lè sọ ọ́ di orúnlá. Orí páànù ilé ni ata wọn ti ń gbẹ. Iṣu wọn a di gbodo, gbodo a di èlùbọ́. Ẹja a wà lórí ààrò títí yóò fi gan. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan bi wọ́n pé ṣé ilá kò ní í so mọ́ ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ilá tó lọ àti ilá tó ń bọ̀, ikùn wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, àlejò tí kò ránṣẹ́ síwájú wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń sá ilá kò bá ilẹ̀ jà. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀, ikùn náà ní tirẹ̀, ìgbà méjèèjì kì í sì í sábà ṣe déédéé.

Kí ló wá yọ èso sílẹ̀? Ìdí kan ni pé oòrùn nìkan kì í tètè ṣẹ́gun mángòrò. Nínú 100 gíráàmù ara mángòrò tútù, bí 83 ló jẹ́ omi. Kí ó tó gbẹ, eṣinṣin á ti dé. Ṣúgà kò sì pọ̀ nílé nígbà náà débi tí a óò máa bù ú ní kílò kílò sínú ìkòkò. Mángòrò fúnra rẹ̀, àlejò ni lọ́dọ̀ wa. Ìńdíà lọ́hùn-ún ló ti wá, kó tó di ọmọ onílé. Ìdí kejì ló ń dà mí láàmú ju ìyẹn lọ. Orúnlá, ti ikùn ni. Èso, ti ẹnu ni. Ilá jẹ́ ohun tí a fi ọkọ́ wá, èso igi jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn, jíjẹ ni à ń jẹ ẹ́, a sì dúpẹ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ìyá rí lójú iná mi nìyẹn: ẹni tó gba ẹ̀bùn tán, tó tún ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Síbẹ̀, ẹ wá wo bí ẹ̀bùn yìí ṣe ń dé. Ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá nígbà tí mángòrò bá gbilẹ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, yóò rí i lẹ́bàá títì, agbọ̀n lórí agbọ̀n, bàsíà lórí bàsíà, tí àwọn ìyá tó ń tà á ń fi ewé lé eṣinṣin. Iye tí wọ́n ń pè é láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é lálẹ́. Èyí tó bá ti rọ̀ láàárọ̀ kò ní í lè fara da ìrìn Èkó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, èyí tí kò rí oníbàárà di ti ewúrẹ́. Lẹ́yìnkùlé wa náà, igi kan wà tí bàbá mi gbìn. Òru la máa ń gbọ́ bí èso rẹ̀ ṣe ń já lu páànù. Láàárọ̀, a ó ṣà, a ó jẹ, a ó fún ti ọ̀tún, a ó fún ti òsì, títí gbogbo ojúlé àdúgbò yóò fi ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a mọ́ ewé gbígbẹ.

Ohun tí ojú ń wá ní oṣù kejì, ẹsẹ̀ la fi ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní oṣù karùn-ún. Èyí ni mo máa ń rò bí mo bá di ìgbálẹ̀ mú. Ìgbàgbọ́ pé yóò so lọ́dún tó ń bọ̀ dára, ṣùgbọ́n ó lè di ìwọ̀sí fún ti ọdún yìí. A lè gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀ débi tí a óò fi máa tẹ èyí tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Èso tó já lóru àná kò ní í padà wá. Èyí tí yóò so lẹ́ẹ̀mìíràn, òun náà yóò ní òru tirẹ̀ àti ilẹ̀ tirẹ̀.

Ìdí iná ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀ lójú mi, nítorí jáàmù kì í gba kí ènìyàn ronú láìfọwọ́ kan nǹkan. Ohun mẹ́rin ló ń béèrè: èso, ṣúgà, ohun kíkan, àti ohun kan tó wà lára èso fúnra rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pẹ́kítìn. Henri Braconnot, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1825. Pẹ́kítìn ló ń di ara èso mú kí ó le; bí èso bá ti ń pọ́n, ó ń tú, ìdí nìyẹn tí mángòrò fi ń rọ̀. Nítorí náà, mángòrò tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó dùn jù lọ, òun gan-an ni kì í fẹ́ dì nínú ìgò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí máa ń kó ìdá mẹ́ta pípọ́n, kó fi ìdá kan èyí tí kò tíì pọ́n kún un. Pípọ́n ló ni adùn àti òórùn, àìpọ́n ló ni kíkan àti agbára ìdìmú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Afẹ́fẹ́ òru kúkú ti ṣe ètò náà kí n tó jí, nítorí kì í ṣe èyí tó pọ́n nìkan ló ń gbọ̀n sílẹ̀. Àwọn tí a kò bá kà sí nínú agbọ̀n, àwọn èso líle tí ọmọdé ń fi sọ̀kò, wọ́n wúlò. Bákan náà ni kóró òroǹbó àti awọ funfun tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀: mo máa ń di wọ́n sínú aṣọ funfun tó mọ́, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bá èso hó, nítorí pẹ́kítìn pọ̀ lára wọn. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí à ń dà nù ló ń mú kí ohun tí à ń fẹ́ dúró.

Fún kílò kan ara mángòrò tí a ti gé wẹ́wẹ́, mo máa ń lo ṣúgà bí 750 gíráàmù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ ṣúgà ju adùn lọ. Òun ló ń di omi inú èso mú, tí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí kò fi ní í rí omi lò, tí jáàmù kò fi ní í tètè bu tàbí kó kan. Nígbà tó bá jinná, àpapọ̀ ṣúgà tó wà nínú èso àti èyí tí a bù sí i ti tó bí ìdá 65 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dín ṣúgà kù jù fi gbọ́dọ̀ tètè jẹ jáàmù rẹ̀, kó sì gbé e sí fíríìjì.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ la tọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí sì ṣe bẹ̀rẹ̀: iná kékeré, orógùn tí kò sinmi, títí ẹyọ ṣúgà kan kò fi ní í kù tí kò yọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́ tán, òwe náà gbọ́dọ̀ yà fún òmíràn. Iná ńlá ló kù. Bí a bá ń fi iná kékeré sè é lọ fún wákàtí púpọ̀, pẹ́kítìn yóò tú, àwọ̀ yóò dúdú, òórùn yóò lọ. Nínú ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu, kí ooru omi lè rí ọ̀nà jáde, a ó jẹ́ kó hó kíkankíkan títí yóò fi dé bí 105°C. Ẹni tí kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru lè gbé àwo kékeré sínú fírísà ṣáájú. Bó bá kán jáàmù díẹ̀ sí i, tó fi ìka tì í, tí ojú rẹ̀ sì hunjọ, ó ti tó. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé fífi ẹ̀sọ̀ ṣe nǹkan yàtọ̀ sí fífi nǹkan falẹ̀. Ìgbà kan wà láti dúró ti nǹkan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbà kan sì wà tí ìfalẹ̀ gan-an ló ń bà á jẹ́. Èso tó ń já lóru kì í dúró de ẹni tó ń ṣe mẹ́lọ̀ọ́mẹ́lọ̀ọ́.

Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní Ìlúọba kì í dúró ti ìkòkò rárá. Ẹ̀rọ tó fi ń ṣe búrẹ́dì ní bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀ fún jáàmù: yóò da èso, ṣúgà àti ọsàn kíkan sí i, ẹ̀rọ yóò máa rò ó, yóò máa gbóná, títí yóò fi parí. Díẹ̀ ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é dáadáa, inú mi sì dùn nígbà tó fi hàn mí lórí fóònù. Èmi náà ń lo bílẹ́ńdà fún ìdajì èso, kí ìdajì yòókù lè wà ní ẹyọ ẹyọ lẹ́nu. Ìkòkò alátẹ́gùn tí a ń dé pa dára láti fi rọ èèpo ọsàn, àmọ́ kò ṣeé fi parí jáàmù, nítorí ó sé ooru omi mọ́lé. Yálà iná igi ni, tàbí gáàsì, tàbí iná mànàmáná, òfin kan náà ni: omi gbọ́dọ̀ jáde, a gbọ́dọ̀ se ìgò nínú omi híhó kí ó tó gba nǹkan, jáàmù gbígbóná gbọ́dọ̀ wọ ìgò gbígbóná, ìdérí sì gbọ́dọ̀ pa dé. Ìgò tí a bá dé bẹ́ẹ̀ lè dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò bẹ iná mànàmáná. Mángòrò inú fírísà kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó tán.

Nicolas Appert, ará Faransé tó ń ṣe àdídùn tà, ló gbé ìwé jáde ní 1810 lórí bí a ṣe lè fi oúnjẹ sínú ìgò, kí a dé e pa, kí a sì sè é nínú omi híhó kó má baà bàjẹ́. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fún un ní 12,000 franc. Ó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́; kò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Louis Pasteur tó ṣàlàyé àwọn kòkòrò tí ooru ń pa. Ọwọ́ ti mọ̀ kí orí tó mọ̀. Ìyá àgbà tó ń sá ilá náà kò ka ìwé kankan nípa omi àti kòkòrò. Èyí fún mi ní sùúrù pẹ̀lú ara mi. Bóyá ìdáhùn tí mo ń wá fún ìyá ti wà lọ́wọ́ mi, kò kàn tíì dé ẹnu mi ni.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìdáhùn náà rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó wà nínú ìgò kì í ṣe mángòrò mọ́. Omi tó ń ṣàn dé ìgúnpá, okùn tó ń há sáàárín eyín, òórùn oje tó wà ní ẹnu èso tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, iná ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Jáàmù ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, àmọ́ ìwà tirẹ̀ ló ní, bí ọmọ. Ẹni tó bá ń sè é kí mángòrò má baà lọ, ojú rẹ̀ ni yóò ṣe lọ nínú ìkòkò. Bí ó bá jẹ́ ìdí tí mo fi ń dáná nìyẹn, ìyá jàre mi.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bà mí lẹ́rù. Ìbátan wa kan jáde láyé, àwa tí a lọ palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. A rí àwo tí oúnjẹ kò kàn rí, aṣọ tí a kò tíì tú okùn rẹ̀, ìgò oyin tó ti dì gbagidi. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ de àlejò pàtàkì. Bí mo ṣe ń nu eruku ara àwo wọ̀nyẹn, mo rò ó pé òun gan-an ni àlejò náà, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jẹun nínú wọn. Ṣé ìgò tèmi náà kò lè di bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ó sì tọ́ kí a ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n èyí tí a ṣẹ́ kù tí ẹnì kan kò jẹ, ta ni a ṣẹ́ ẹ kù fún?

Mo tún padà sọ́dọ̀ orúnlá. Orúnlá ní gbèdéke: kí ilá tuntun tó so, ó yẹ kó ti tán. Èlùbọ́ ní gbèdéke: bí a bá fi í pẹ́ jù, kòkòrò á gbà á lọ́wọ́ wa. Jáàmù náà, bí ó bá ti ń sún mọ́ ọdún kan, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, òórùn rẹ̀ á sì máa dín kù, bí a tilẹ̀ dé e dáadáa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń tọ́jú nǹkan àti ẹni tó ń há a mọ́ nìyẹn: ẹni tó ń tọ́jú mọ ìgbà tí òun yóò ṣí i, ó sì mọ ẹni tí òun yóò ṣí i fún. Jáàmù kò lè dá ìgbà dúró, ṣùgbọ́n ó lè dúró de ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí igi ń so, ọmọ tó jẹ́ ọdún Kérésìmesì nìkan ló ń rí àyè wálé, aláìsàn tí ẹnu rẹ̀ kò gba nǹkan líle, gbogbo wọn ló pàdánù oṣù karùn-ún. Ìgò ń jẹ́ kí wọ́n rí ìpín wọn gbà.

Bàbá mi tó gbin igi ẹ̀yìnkùlé kò gbìn ín nítorí ìbẹ̀rù pé mángòrò yóò tán láyé. Ó gbìn ín nítorí ó gbà pé ọdún ń bọ̀, àti pé ènìyàn yóò wà nínú ọdún náà tí yóò fẹ́ jẹ. Mo rò pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a fi dá iná jáàmù. Mángòrò yóò so lọ́dún tó ń bọ̀, mo gbà á tọkàntọkàn. Nítorí mo gbà á ni mo ṣe lè se ti ọdún yìí kí n sì pín in láìkù ẹyọ kan. Ẹni tí ó bẹ̀rù pé igi kò ní í so mọ́ ni yóò máa ka ìgò, tí yóò máa ṣọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Nítorí náà, ohun tí mo ń kọ sára ìgò ti yí padà. Ọjọ́ tí mo sè é ṣì wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, mo ń kọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ tán: kí igi tó tún yọ òdòdó nígbà ọyẹ́. Lábẹ́ ìyẹn, mo ń kọ orúkọ ẹni tí mo sè é dè. Ìgò tí n kò bá sì rí orúkọ kankan kọ sí lára, ẹni tó bá kọ́kọ́ yà sílé ló ni ín.